Bí Ẹgbẹ́ Oníṣòwò Tánìn Bá Kọ̀wé sí Aṣòfin, Báwo Ni Ká Ṣe Kà Á?

Òǹkàwé kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì aṣòfin ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́, nípa bẹ́ẹ̀dì tánìn, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán mú kí awọ ara pọ́n. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbá òfin kan wà níwájú ọ̀gá mi tó fẹ́ ka lílo bẹ́ẹ̀dì tánìn léèwọ̀ fún ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tánìn ti kọ̀wé sí wa. Wọ́n ní àwọn ò lòdì sí ìlànà, pé kí á kàn jẹ́ kí òbí máa fọwọ́ sí i ni dípò kí ìjọba fòfin dè é. Wọ́n ní owó orí ìjọba àpapọ̀ ti pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn. Wọ́n tún ní ìtànṣán rẹ̀ ń fún ara ní fítámì D. Ìwé náà gún régé, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì tutù. Èmi ni wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé irọ́ ni gbogbo rẹ̀? Báwo ni kí n ṣe kà á?"

Kì í ṣe irọ́ ni gbogbo rẹ̀, ohun tó sì mú kó ṣòro nìyẹn. Ká ní irọ́ pọ́ńbélé ni, ẹ ò bá ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ tó dé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wá nínú rẹ̀ ni ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ fi rọ́pò àbá òfin yín. Ẹgbẹ́ oníṣòwò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í wá sọ pé kí aṣòfin má ṣòfin rárá. Òfin mìíràn ni yóò gbé wá, èyí tó fúyẹ́, tí àwọn fúnra wọn á sì máa ṣe alábòójútó rẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun tó bá wà nínú tiyín tí kò sí nínú tiwọn, òun ni wọ́n ń jà lé lórí.

Fún àwọn òǹkàwé yòókù tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí: bẹ́ẹ̀dì tánìn dà bí àpótí gígùn, ó ní gílóòbù tó ń tan ìtànṣán UV, irú èyí tó wà nínú oòrùn, lókè àti nísàlẹ̀. Ẹni tí awọ ara rẹ̀ funfun á dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ara rẹ̀ lè pọ́n díẹ̀, bíi pé etí òkun ló ti ń bọ̀. (Bí àwọn kan ṣe ń náwó láti bóra, bẹ́ẹ̀ làwọn mìíràn ń náwó kí tiwọn lè ṣú. Kò sí èyí tí awọ ara dúpẹ́ rẹ̀.) Ní oṣù keje ọdún 2009, IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, gbé ẹ̀rọ yìí sínú ìpín kìíní, níbi tí tábà àti asibẹ́sítọ́ọ̀sì wà, ìyẹn àwọn ohun tí ẹ̀rí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Àkópọ̀ ìwádìí tí wọ́n gbé lé sọ pé ewu melanoma, oríṣi jẹjẹrẹ awọ ara kan tó léwu gan-an, fi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọdún 35. Ìṣirò tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà mú un wá sí 59.

Ẹgbẹ́ náà á sọ fún yín pé ìdá 75 lórí ohun tó kéré, ohun tó kéré náà ni. Tí ẹ bá wò ó gẹ́gẹ́ bí ìṣirò lásán, òótọ́ ni, ẹ má sì bá wọn jiyàn lórí rẹ̀. Bákan náà, wíwà nínú ìpín kìíní kò túmọ̀ sí pé bẹ́ẹ̀dì kan náà ló lágbára tó sìgá. Bí ẹ̀rí ṣe dájú tó ni ìpín náà ń sọ, kì í ṣe bí ewu náà ṣe tóbi tó. Tí ọ̀gá yín bá lọ sọ ní gbangba pé "ó burú tó sìgá," ẹ ti bá wọn ṣí ilẹ̀kùn nìyẹn.

Ibi tí òfin ìjọba àpapọ̀ dúró sí ló kàn. FDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ oúnjẹ, oògùn àti ohun èlò ìlera, ti ní ìlànà lórí àwọn gílóòbù yìí láti ọdún 1979: aago tó ń pa á, awò tó ń dáàbò bo ojú, àkọlé ìkìlọ̀ lára ẹ̀rọ. Síbẹ̀, títí di ọdún 2014, ìpele kìíní ni wọ́n ka ẹ̀rọ náà sí láàárín àwọn ohun èlò ìlera, ìpele kan náà pẹ̀lú báńdéèjì tí a ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́. Ọdún náà ni wọ́n gbé e lọ sí ìpele kejì, tí wọ́n sì ní kí ìkìlọ̀ inú àpótí dúdú wà lára rẹ̀ pé kò yẹ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lò ó. Ẹ kíyè sí i: "kò yẹ" ni wọ́n kọ. Ìkìlọ̀ lásán ni, kò sí ẹni tí yóò jìyà tó bá rú u. Ní oṣù kejìlá ọdún 2015, FDA gbé àbá kan jáde tí ì bá sọ ọ́ di èèwọ̀ gidi fún ọmọdé, tí àwọn àgbàlagbà náà ì bá sì máa fọwọ́ sí ìwé lóṣù mẹ́fà mẹ́fà pé àwọn mọ ewu rẹ̀. Ọdún lé ọdún, wọn ò fòǹtẹ̀ lù ú. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀. California ló kọ́kọ́ kà á léèwọ̀ fún gbogbo ẹni tí kò pé ọdún 18, òfin rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012.

Ta wá ni àwọn tó kọ̀wé sí yín? Indoor Tanning Association ti wà láti ọdún 1999. American Suntanning Association dé ní ọdún 2012. Ẹ wo abẹ́ ìwé náà dáadáa kí ẹ lè mọ èwo nínú wọn ni, àti ẹni tó ń sanwó ẹgbẹ́: àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ, àwọn tó ń ta gílóòbù àti ìpara, tàbí àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ire wọn kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan. Obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo lè fara da òfin ọjọ́ orí láìṣe wàhálà, nígbà tí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ káàkiri orílẹ̀-èdè ń wo ohun tí ìpínlẹ̀ mìíràn máa ṣe lọ́la tí tiyín bá kọjá.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹjọ́ ọdún 2010, torí ó kàn yín gan-an. Láti oṣù kẹta ọdún 2008 ni Indoor Tanning Association ti bẹ̀rẹ̀ ìpolówó ńlá kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2010, FTC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ìpolówó ẹ̀tàn, kéde ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n àti àdéhùn tó parí rẹ̀. Lára ohun tí FTC ní ìpolówó náà sọ láìjẹ́ òótọ́ ni pé tánìn inú ilé kò mú kí ewu jẹjẹrẹ awọ ara pọ̀ sí i, pé ìjọba ti fọwọ́ sí i, àti pé ó sàn ju oòrùn ìta lọ nítorí pé wọ́n ń díwọ̀n ìtànṣán rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ kan lé National Academy of Sciences, àjọ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Amẹ́ríkà, lórí, pé ewu àìrí ìtànṣán tó pọ̀ ju ewu jẹjẹrẹ lọ fíìfíì. Àdéhùn náà ní kí ìpolówó ẹgbẹ́ tó bá sọ̀rọ̀ nípa ìlera máa gbé ìkìlọ̀ pé ìtànṣán UV lè mú kí jẹjẹrẹ awọ ara tètè ṣeni, ó sì lè ba ojú jẹ́ gan-an. Bí wọ́n bá mẹ́nu kan fítámì D, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ pé kò dìgbà tí awọ bá pọ́n kí ara tó ṣe é.

Ibi tó kàn yín rè é. Òfin Amẹ́ríkà pààlà sáàárín ìpolówó ọjà àti ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá aṣòfin sọ. FTC lágbára lórí ìpolówó. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹgbẹ́ kan kọ sí aṣòfin láti bẹ̀ ẹ́ lórí òfin, Àtúnṣe Kìíní inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà ló dáàbò bò ó. Gbólóhùn tí wọn ò gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì ṣọ́ọ̀bù láìfi ìkìlọ̀ sí i, wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé tó wà lórí tábìlì yín. Kò sí ẹnì kankan tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú yín. Nítorí náà, ẹ mú ohun tí FTC bèèrè lọ́wọ́ wọn lọ́dún 2010, ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé wọn, ẹ wo gbólóhùn tó padà wá láìwọ aṣọ ìkìlọ̀ rẹ̀.

Ti fítámì D kò gba àkókò púpọ̀. UVB, oríṣi ìtànṣán UV kan, ló ń jẹ́ kí awọ ṣe fítámì D. UVA, oríṣi mìíràn, ló pọ̀ jù nínú ìtànṣán tó ń jáde lára ọ̀pọ̀ gílóòbù tánìn, òun náà ló sì ń wọ awọ lọ jìnnà. Ẹni tí fítámì D rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, oògùn oníhóró wà, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì ní gílóòbù nínú.

Ọ̀rọ̀ òbí ló ṣòro jù, torí ó dùn-ún gbọ́. Ta ló fẹ́ sọ pé òbí ò mọ ohun tó dáa fún ọmọ rẹ̀? Ẹ bi wọ́n léèrè bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Fọ́ọ̀mù kan wà, ẹnì kan buwọ́ lù ú. Ta ló wo ìbuwọ́lùwé náà? Ọ̀dọ́ tó jókòó nídìí tábìlì ẹnu ọ̀nà, tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ kí oníbàárà wọlé. Ta ló ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún òbí tó fẹ́ buwọ́ lù ú? Ọ̀dọ́ yẹn náà ni. Ní ọdún 2012, àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ọmọ rẹ̀ kéré jù nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó agbára iná àti ìṣòwò nílé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà gbé ìròyìn kan jáde. Wọ́n pe ṣọ́ọ̀bù 300 lórí fóònù, wọ́n ṣe bí ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun tí kò tíì pé ogún ọdún tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tánìn. Ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbé fóònù ní kò séwu kankan níbẹ̀. Ó lé ní ìdajì tó sọ pé kò mú kí ewu jẹjẹrẹ pọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ náà lè sọ fún yín pé òṣèlú wà nínú ìròyìn yìí, ó sì dáa kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló ṣe é. Ṣùgbọ́n fóònù tí wọ́n pè, ṣọ́ọ̀bù ló gbé e.

Àríyànjiyàn mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ ní lọ́wọ́. Òbí kò lè buwọ́ lùwé kí ọmọ rẹ̀ lè ra sìgá. Láti oṣù kejìlá ọdún 2019, òfin àpapọ̀ ní kí wọ́n má ta tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21, kò sì sí àyè kankan nínú rẹ̀ fún fọ́ọ̀mù òbí. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní àrífín sí òbí.

Tí ẹ bá fẹ́ rí bí òfin tó fúyẹ́ ṣe ń parí sí, ẹ lọ wo Australia. Níbẹ̀, kí ìjọba tó dá sí i, ìlànà kan wà tí àwọn oníṣòwò lè tẹ̀ lé bó bá wù wọ́n: kí wọ́n má gba ẹni tí awọ rẹ̀ funfun jù, kí òbí fọwọ́ sí i fún àwọn ọ̀dọ́. Lórí ìwé, kò sí àléébù. Nígbà tí àwọn olùwádìí lọ dán an wò ní Melbourne, tí wọ́n rán àwọn ènìyàn lọ bí oníbàárà, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń gba àwọn tí ìlànà wọn ní kí wọ́n kọ̀. Ní ọdún 2007, Clare Oliver, ọmọbìnrin ará Melbourne kan tí melanoma ń ṣe, bọ́ síta láti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ó sì kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn lẹ́ni ọdún 26. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìpínlẹ̀ Victoria bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé àṣẹ ṣàkóso wọn. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, tó fi mọ́ Victoria àti New South Wales, ti pa ṣọ́ọ̀bù tánìn rẹ́ pátápátá, fún ọmọdé àti àgbà. Western Australia tẹ̀ lé wọn ní ọdún 2016. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn oníṣòwò fúnra wọn: ó dá mi lójú pé ká ní ìlànà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ti ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ṣọ́ọ̀bù wọn ṣì wà. Brazil kò tiẹ̀ gba ọ̀nà gígùn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2009 kan náà tí IARC sọ̀rọ̀, ANVISA, àjọ ìjọba ibẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìlera, ka gbogbo rẹ̀ léèwọ̀, àwọn oníṣòwò sì gbé ìjà náà lọ sílé ẹjọ́.

Ẹ má jẹ́ kí èyí mú yín rò pé ọ̀tá ni gbogbo ẹgbẹ́. Ní Britain, The Sunbed Association fara mọ́ èèwọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England àti Wales ní oṣù kẹrin ọdún 2011. Wọ́n tún ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ má lo ẹ̀rọ tó kọjá 0.3 wáàtì fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, òṣùwọ̀n Yúróòpù. Kì í ṣe inú rere nìkan ló wà nídìí rẹ̀, mi ò sì bínú sí wọn fún ìyẹn: òfin tó le máa ń pa àwọn ṣọ́ọ̀bù tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn, níbi tí wọ́n ti ń ju owó ẹyọ sínú ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ń bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ du oníbàárà. Ire ẹgbẹ́ àti ire ọmọdé bọ́ sójú kan náà lórí ìyẹn. Lórí ti ìwádìí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ojú wọn kì í dọ́gba: nígbà tí SCHEER, ìgbìmọ̀ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Ìgbìmọ̀ Yúróòpù, sọ ní ọdún 2016 pé kò sí òṣùwọ̀n ìtànṣán bẹ́ẹ̀dì tánìn tí a lè pè ní aláìléwu, European Sunlight Association, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tánìn Yúróòpù, ta kò ó kíákíá.

Ó wá ku owó orí. Níbí, ẹ fetí sí wọn dáadáa, torí ẹ̀dùn ọkàn wọn ní ìdí. Nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin ìlera Obama ní ọdún 2009, ohun tó wà nínú àbá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà tẹ́lẹ̀ ni owó orí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí iṣẹ́ abẹ ẹwà. Àwọn dókítà tako ó, ó sì pòórá. Ìdá 10 lórí tánìn ló bọ́ sípò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2010. Àwọn tí ẹgbẹ́ wọn lágbára bọ́ nínú rẹ̀, àwọn tí tiwọn kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ ló kó sí i. Ilé eré ìdárayá tó bá ní bẹ́ẹ̀dì, tí kò gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀, kò san án. Ẹ̀rọ kan náà, gílóòbù kan náà, oníṣọ́ọ̀bù kékeré ń san owó orí, ilé ìdárayá ńlá kò san. Mi ò rí àlàyé ìlera kankan fún ìyẹn. Owó náà kò sì wọlé tó bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀: dọ́là bílíọ̀nù 2.7 láàárín ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ń retí. Ilé aṣojú-ṣòfin fẹ́ fagi lé e nínú òfin ìlera tí wọ́n gbà wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, òfin náà kú sọ́wọ́ ilé kejì. Wọ́n tún gbé e wá ní ọdún 2025 nínú òfin owó orí ńlá, kò sì dé ìparí.

Ṣùgbọ́n ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ owó orí ṣe wọ inú ìwé yín? Ìpínlẹ̀ yín kọ́ ló gbé e kalẹ̀, ìpínlẹ̀ yín kò sì lè yọ ọ́. Tí wọ́n bá sọ pé òun ló pa gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó kú, ẹ rántí pé ọjà ti wó káàkiri láti ọdún 2008, pé ìkéde IARC jáde ní 2009, àti pé àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ń fi í sílẹ̀. Láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama Amẹ́ríkà, ìwádìí CDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, rí i pé àwọn tó lo bẹ́ẹ̀dì láàárín ọdún kan já láti ìdá 15.6 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2009 sí 7.3 ní 2015. Kò sẹ́ni tó lè ya apá ti owó orí sọ́tọ̀ nínú ìyẹn, ẹgbẹ́ náà kò sì lè yà á.

Bí mo bá jókòó níbi tí ẹ jókòó sí, màá pè wọ́n wá, màá sì bọ̀wọ̀ fún wọn, torí àwọn oníṣọ́ọ̀bù mọ ẹ̀rọ náà ju àwa tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ. Ìbéèrè kan ni màá kọ́kọ́ bi: nínú oníbàárà ọgọ́rùn-ún, mélòó ni kò tíì pé ọdún 18? Tí wọ́n bá ní wọn ò pọ̀, bí wọ́n ṣe sábà máa ń sọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ewu ọmọdé bá délẹ̀, àbá òfin yín kò lè pa ṣọ́ọ̀bù wọn nìyẹn. Tí wọ́n bá ní wọ́n pọ̀, wọ́n ti bá yín fìdí ìdí tí òfin fi pọn dandan múlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí yóò máa yẹ fọ́ọ̀mù òbí wò lábẹ́ àbá tiwọn, iye ìgbà tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún, àti ìyà tí ṣọ́ọ̀bù tó bá rú u máa jẹ. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó bá padà wá, ẹ so ó mọ́ àkópọ̀ tí ẹ fẹ́ gbé fún ọ̀gá yín bó ṣe wà, kódà bó bá jẹ́ ìwé òfìfo.